Àpótí Tó Ń Ka Ṣúgà: Èèpo Gbànja, Fàdákà àti LED Méjì ní Ṣàgámù

Àpótí náà ti ń ṣiṣẹ́. Páìpù rọ́bà dúdú tí mo gé kúrú ni ara rẹ̀, ìgò abẹ́rẹ́ kan sì wọ inú rẹ̀ láìmì. LED aláwọ̀ àlùkò, ìyẹn iná kékeré ara ẹ̀rọ, wà lápá kan, LED aláwọ̀ búlúù kọjú sí i lódìkejì, Arduino Nano kan, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, wà lábẹ́ wọn. Tí ẹ bá po omi tó ní glúkóòsì, ìyẹn irú ṣúgà tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, mọ́ ohun tó yẹ, tí ẹ ti ìgò náà bọ inú páìpù, tí ẹ sì dé e, nọ́ńbà á jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe bíi tèmi ni mo kọ èyí fún. Ọ̀rọ̀ nánò tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, ìyẹn ẹ̀rún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àárọ̀ ọjọ́ kan ti tó láti ṣe é. Kí nọ́ńbà dúró sójú kan, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Kí a tó lọ jìnnà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àpótí yìí sọ pé òun ní àtọ̀gbẹ tàbí pé òun ò ní. Omi tí mo fọwọ́ ara mi pò ni mo fi ń dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ èèyàn ní ìlànà tiwọn, ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn ló ń fúnni láyè láti fọwọ́ kàn wọ́n, kì í ṣe ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Makun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá àti èyí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ni wọ́n máa ń gbé wá jù. Ẹ̀rọ ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Bí ẹnu bátìrì rẹ̀ ò bá dípẹtà, á jẹ́ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di sìtíríìpù, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, mú ló dọ̀tí. Ohun tó ń dun àwọn oníbàárà mi ni owó sìtíríìpù, torí ìyẹn ò lópin: èyí tẹ́ ẹ bá lò láàárọ̀, ẹ ti sọ ọ́ nù nìyẹn.

Mo la sìtíríìpù kan. Kò sí idán níbẹ̀. Ojú ọ̀nà iná méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sórí rọ́bà ni, pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù, èròjà ara ohun alààyè tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn, tó gbẹ mọ́ ọn lórí. Ẹ́ńsáìmù ló ń dá ṣúgà mọ̀, ojú ọ̀nà iná ló ń ka ohun tó ṣe. Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1962, orí rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ ṣúgà tó wà lọ́jà ṣì dúró lé dòní.

Ṣùgbọ́n irú àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò nílò bátìrì rárá, tí gbogbo wa sì ti rí. Ilà pupa tó ń yọ lójú àyẹ̀wò ibà àti àyẹ̀wò oyún, wúrà ni. Wọ́n sọ wúrà di ẹ̀rún tí kì í sábà ju nánómítà 20 sí 40 lọ, wọ́n so èròjà tó ń ṣọdẹ àìsàn mọ́ ọn lára, wọ́n sì gbẹ ẹ́ sínú bébà. Nánómítà kan ni mílímítà kan tí a pín sọ́nà mílíọ̀nù kan. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ bá ti ń wọ́ lọ nínú bébà, ó ń gbé wúrà náà dání. Níbi tí ilà wà, èròjà kejì ti lúgọ síbẹ̀ tó ń mú un dúró: HRP2, èròjà tí kòkòrò ibà ń tú jáde, ni wọ́n ń mú nínú ti ibà; hCG, èròjà tí oyún ń mú wá sára, ni nínú ti oyún. Tí wúrà bá pọ̀ síbẹ̀ tó, ojú á rí pupa.

Wúrà tó kéré bẹ́ẹ̀ kì í ní àwọ̀ òrùka mọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday ti ṣe irú omi wúrà pupa bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 1857. Ní 1951, onímọ̀ kẹ́mísírì John Turkevich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí a ṣe ń fi sítírẹ́ẹ̀tì, iyọ̀ ásíìdì inú ọsàn, se é lórí iná kó lè dọ́gba. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lára ẹ̀rún náà ló ń bá ìmọ́lẹ̀ mì. Bí a bá fa ọṣán gángan, ohùn rẹ̀ á yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rún yìí, tó bá tóbi sí i tàbí tó lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọ̀ rẹ̀ ò ní dúró bó ṣe wà. Ìyẹn gan-an ló sọ ọ́ di ohun èlò fún àyẹ̀wò.

Wúrà kọjá agbára àpò mi, mo bá dojú kọ fàdákà. Ẹ̀rún fàdákà ń mú omi di yẹ́lò, torí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ló ń gbé mì jù, èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 400 sí 450. Hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, sì máa ń jẹ fàdákà yìí títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ glucose oxidase máa ń sọ glúkóòsì àti afẹ́fẹ́ inú omi di hydrogen peroxide. Ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni yẹ́lò á ṣe ṣí tó. Gbogbo ọgbọ́n inú àpótí yìí ò ju ìyẹn lọ.

Èèpo gbànja

Ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa sọ oògùn fàdákà, ìyẹn silver nitrate, di ẹ̀rún. Ewé àti èèpo oríṣiríṣi lè ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ti fi èèpo gbànja ṣe é, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ẹ̀rín ló pa mí. Ta ló máa wà ní Rẹ́mọ tó máa sọ pé òun ò rí èèpo gbànja? Àwọn Hausa tó wà ní Sábó ti ń kó gbànja wa lọ sókè ọya látìgbà àwọn bàbá wa. Èèpo tó nípọn lóde yẹn, ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń dà á sí.

Mo yà ní agbàlá kan tí wọ́n ti ń la gbànja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, èèpo yìí ni mo wá bẹ̀ yín fún."

"Èèpo? Ṣé o fẹ́ fi dáná ni, ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá. Fàdákà ni mo fẹ́ fi ṣe."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ó dáa. Tó bá ti di fàdákà, má gbàgbé ọ̀nà ibí o."

Mo sá a síbòòji, mo gún un, mo jọ̀ ọ́. Gíráàmù 1 nínú 100 mílílítà omi, mo gbé e sínú omi gbígbóná tó wà ní 60 °C fún wákàtí kan, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo tún fi bébà àsẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó kù rí bíi ti tíì tí ò nípọn. Silver nitrate ní tirẹ̀, gíráàmù 0.17 nínú lítà kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì fi gíláàsì bo ojú, torí ó ń jó awọ ara di dúdú, kò sì yẹ kó kan ẹyinjú rárá.

Mílílítà 1 omi èèpo ni mo dà sínú 40 mílílítà omi fàdákà. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, mi ò dáná sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni etí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ kan tí ojú ń ṣiyèméjì sí, bóyá yẹ́lò ni, bóyá òjìji ògiri ni. Kó tó pé wákàtí kan, yẹ́lò ti hàn gedegbe, ó sì ń lọ sí búráùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ipa ìmọ́lẹ̀ náà hàn nínú omi látòkèèrè, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú omi lásán. Ẹ̀rún ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Omi kànga kọ́ lẹ máa lò o, omi dísítíìlì ni, èyí tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì gbà padà. Omi kànga àdúgbò wa, bí ẹ bá kán silver nitrate sí i, á funfun bíi wàrà lójú ẹsẹ̀, torí iyọ̀ inú rẹ̀. Mo fi ìkán kan yẹn yẹ gbogbo omi tí wọ́n ń tà fún mi ní "dísítíìlì" wò. Ẹnu á yà yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní Ọlábísí Ọnàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè, ló sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù ní apá yìí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má da omi èèpo pọ̀ jù. Tánìnì, èròjà kíkorò tó wà nínú rẹ̀, máa bá fàdákà du peroxide yín." Òótọ́ ni. Èyí tí mo fi omi èèpo púpọ̀ ṣe dúdú dáadáa, ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n peroxide ò rí i ṣe. A ronú láti fi ẹ̀rọ tó ń yí omi dà á sílẹ̀ kí a lè fọ̀ ọ́, àmọ́ irú èyí tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò kékeré kò yára tó láti fa ẹ̀rún tó kéré báyìí wá sísàlẹ̀. Kí a dín èèpo kù ló rọrùn.

Ojú tó ń wò ó

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí kẹ́mísírì níbẹ̀.

Ojú èèyàn kì í ṣe ohun tí a lè gbára lé láti mọ̀yàtọ̀ yẹ́lò sí yẹ́lò, pàápàá nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí a wá ń fi rechargeable ríran. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àwọ̀ omi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n LED, bó ṣe ń tàn náà ló ń ríran. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i lójú, á mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde; àwọ̀ tirẹ̀ àti èyí tí ìgbì rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí i ló máa ń rí, kì í rí èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ú lọ. Forrest Mims, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ, ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. LED búlúù, tó wà ní bíi nánómítà 465, á rí àlùkò tó wà ní 405, kò sì ní bìkítà fún gílóòbù pupa. Ẹ mú èyí tí rọ́bà ojú rẹ̀ mọ́ gaara, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi àwọ̀ sí.

Láti kà á, Arduino á kọ́kọ́ fún LED búlúù náà ní iná lódìkejì, ẹ̀yìn síwájú, bí ẹni rọ omi sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ yẹn, á wá máa kà: ó tó ìgbà wo kí iná náà tó rọ́ tán? Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, á tètè tán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, á pẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Dietz, Yerazunis àti Leigh, kọ nípa rẹ̀ ní 2003. Ẹsẹ̀ Arduino méjì péré ló gbà, kò sí amplifáyà kankan. Ẹ pín iye àkókò tí omi yẹ́lò gbà fún iye àkókò tí omi lásán gbà, ẹ mú log rẹ̀, ohun tó jáde ni agbára àwọ̀ náà. Tèmi ka 2,140 fún omi lásán, ó ka 15,100 fún omi fàdákà tí mo là sọ́nà mẹ́wàá. Ìyẹn jẹ́ 0.85.

Ó dùn-ún sọ. Ní tòótọ́, nínú òkùnkùn birimù, tí LED àlùkò ti kú, ó yẹ kí kíkà náà gùn lọ títí. Tèmi ń yára tán. Òjò ti ń rọ̀ nígbà yẹn, atẹ́gùn tutù dáadáa, bọ́ọ̀dù sì ṣì ní péèsìtì tí mo fi jó wáyà lára. Péèsìtì tó gba ọ̀rinrin, ọ̀nà ni fún iná. Iná tí a ń wò nínú LED kéré débi pé àmì ìka lásán tó láti gbé e sá lọ. Mo fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ bọ́ọ̀dù náà mọ́, mo fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ́. Ó sàn, kò tíì tó. Ohun tó parí rẹ̀ ni pé mo yọ ẹsẹ̀ LED náà kúrò lára bọ́ọ̀dù pátápátá. Mo jó o mọ́ wáyà nínú afẹ́fẹ́, kí ó má fara kan ohunkóhun títí á fi dé ẹsẹ̀ Arduino. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún rédíò ṣe, ẹ máa rẹ́rìn-ín: irú iṣẹ́ tí a máa torí rẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lọ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tún ń yọ kíkà òkùnkùn kúrò lára kíkà ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe iye ìgbà la máa yọ o, ọ̀kan lórí iye ìgbà ni, torí ọ̀nà méjì ni iná ń gbà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

LED àlùkò tó ń tànmọ́lẹ̀ ní ìwà tiẹ̀. Bó bá gbóná, ó ń rẹlẹ̀. Bí fólítéèjì bá yí, ó ń yí. Mo fi LM317, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró sójú kan, àti rẹ́sísítọ̀ 120 ohm ṣe é kó máa gba mílíáńpìà 10 nígbà gbogbo, láti ara adápítà 12 fóltì. Fóltì 5 ti Arduino ò ní gbé irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tàn án sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó ka ohunkóhun.

Ìgò náà sì tún wà. Ìgò abẹ́rẹ́ ò yípo dọ́gba. Bí ẹ bá yí i díẹ̀ nínú páìpù, nọ́ńbà á fò. Ilà kútẹ́ẹ̀sì kan lára ìgò, ọ̀kan lára páìpù, kí méjèèjì kọjú síra wọn. Ìgò kan náà ni kí ẹ máa fi ka omi lásán àti omi yẹ́lò.

Ẹ́ńsáìmù, àti iyọ̀ tó ń bà á jẹ́

Glucose oxidase ni ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti Èkó ló ti wá, nínú fíláàsìkì yìnyín. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá wọ́n lè lo kíìtì glúkóòsì tí wọ́n ń tà fún ilé àyẹ̀wò. Rárá. Peroxidase, ẹ́ńsáìmù mìíràn, àti aró wà nínú ìyẹn pẹ̀lú, wọ́n á ti jẹ peroxide tán kó tó dé ọ̀dọ̀ fàdákà.

Fún omi ìdánwò, mo ra glúkóòsì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ó bá ní fítámì C, ẹ fi sílẹ̀, torí fítámì C máa ń pa peroxide, ohun kan náà ló sì ń mú kí sìtíríìpù ìtọ̀ tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ka ṣúgà lọ́nà tí kò tó. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní omi lára, gíráàmù 1.1 rẹ̀ ló tó gíráàmù 1 glúkóòsì. Ẹ pò ó, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó: oríṣi méjì ni glúkóòsì máa ń pín sí nínú omi, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ́ńsáìmù yìí ń jẹ, ó sì máa ń pẹ́ kí méjèèjì tó wà bó ṣe yẹ.

Nínú omi tó mọ́, ohun gbogbo lọ dáadáa. Mo wá fi iyọ̀ sí i, kó lè jọ ìtọ̀. Yẹ́lò náà di eérú, ó sì rọ́ sísàlẹ̀ láìsí ṣúgà kankan níbẹ̀. Iyọ̀ ń mú kí ẹ̀rún fàdákà lẹ̀ mọ́ra wọn, ó sì ń di mọ́ fàdákà fúnra rẹ̀. Mo rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nánò tó dára nínú ìwé ti ń kú sí, torí kò sí ohun tó ń jáde lára èèyàn tí kò ní iyọ̀.

Ìlàpọ̀ ló yanjú rẹ̀: ìpín kan omi ìdánwò nínú àádọ́ta. Iyọ̀ á dínkù débi tí fàdákà á lè fara dà á fún ìgbà tí mo nílò. Ṣúgà náà dínkù lóòótọ́, àmọ́ ó bọ́ sí déédéé. 100 mílígíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, tí a bá là á báyìí, iye peroxide tó máa mú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye fàdákà tó wà nínú ìgò dọ́gba. Ẹ́ńsáìmù ni mo kọ́kọ́ ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tán lọ́tọ̀, kí n tó da fàdákà sí i.

Kíkà tó jáde nìyí. Láìsí ṣúgà, 0.85. Ní 50, ó jẹ́ 0.74. Ní 100, 0.61. Ní 200, 0.40. Ní 400, 0.37, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi fàdákà kún un. Kì í ṣe fàdákà ló tán, afẹ́fẹ́ ni. Lítà omi kan ní ojú ọjọ́ wa kì í gbà ju bíi mílígíráàmù 7.5 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ, ẹ́ńsáìmù sì nílò rẹ̀ fún gbogbo ṣúgà tó bá jẹ. Lókè 200 níhìn-ín, ọ́síjìn ti tán. Mo mi ìgò náà dáadáa, kí afẹ́fẹ́ tún wọlé, 400 wá já sílẹ̀ kúrò lára 200. Èyí tó dára jù ni kí ẹ là á sí i nígbà tí ẹ bá rí i pé ó ti lé ní 200.

Ibi tí ìyẹn wúlò sí nínú ìwòsàn: kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá bíi 180 mílígíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan. Nítorí náà, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ lè ṣì ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń yẹ̀ wò, láìjẹun, 126 sókè ni ààlà. Mo ti sọ èyí fún oníbàárà tó fẹ́ kí n ta àpótí náà fún òun kí òun sinmi ríra sìtíríìpù. Mi ò tà á.

Ohun tó kù nílẹ̀

Mo ń gbẹ fàdákà mọ́ bébà àsẹ́ báyìí, kí omi tí a ń gbé kiri lè dínkù. Ó ń gbẹ lójú kan ju òmíràn lọ, etí bébà ló ń kó gbogbo àwọ̀ jọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbìyànjú ṣíṣe é pẹ̀lú ṣítáàṣì díẹ̀. A ó rí i.

Ìdọ̀tí fàdákà kì í wọ gọ́tà. Ìgò ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì tí gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá kún, mo máa ń da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, fàdákà á funfun, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Mo ń tú omi òkè rẹ̀ dànù, mo ń gbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò dúdú, torí ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọ́ di dúdú. Bí ó bá pọ̀ tó, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ti ní òun á bá mi yọ ọ́.